Píkọ́ọ̀pù 504 bàbá rẹ, tàbí èyí tí wọ́n ti kùn lọ́dà: èwo ni yóò jẹ owó jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Kòkó ni bàbá mi ń rà ní Oǹdó nígbà ayé wọn, píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ti ọdún 1984 ni wọ́n sì fi ń kó o. Ní 2008, omi gbẹ nínú rédíétọ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnnì kú. Wọ́n wọ́ ọ wálé, wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé páànù tí a ń kó kòkó sí. Ọdún kejì ni bàbá kú. Láti ìgbà náà, adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀. Mo fẹ́ tún un ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n má da owó somi, pé ẹnìkan ń ta irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, pé ó ti kùn ún ní funfun, ẹ́ńjìnnì ń dún, pé kí n sáà gbé e máa lọ ni. Èwo ni owó rẹ̀ kéré jù? Eélòó ni kí n múra sílẹ̀ fún? Ṣé mo sì lè gbé e wá sí Amẹ́ríkà tó bá yá? Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé bàbá máa ń fi báírò kọ iye àpò kòkó sí ẹ̀yìn ìdérí àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ náà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ọ. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ́kọ́ mú inú mi dùn níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì rárá, ọ̀rọ̀ òrùlé páànù yẹn ni. Wàá rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ẹlòmíràn bá gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, ó ti gbà pé ọkọ̀ ti kú nìyẹn. Bó bá tún gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ń dún, ó ti ń ka owó. Bí 504 bá ni, òdìkejì rẹ̀ ni. Kò sí ohun tó rọrùn láti jí dìde lára ọkọ̀ yẹn tó ẹ́ńjìnnì. Ara rẹ̀, ìyẹn páànù àti irin tó gbé e ró, ló máa ń jẹ owó, tó sì máa ń jẹ ẹ́ láìdákẹ́. Irin ni kí o rà, má ra ìró.

Jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀rọ̀ páàtì. 1968 ni 504 jáde ní Faransé. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé ní 1979. Nílẹ̀ wa, ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ títí wọ inú àwọn ọdún 2000. Faransé fi 504 onílé, ìyẹn èyí tó ń kó èrò tí kì í ṣe píkọ́ọ̀pù, sílẹ̀ ní 1983, ṣùgbọ́n wọn ò dáwọ́ píkọ́ọ̀pù dúró títí di 1993. Argentina ń ṣe tiwọn títí di 1999. Nítorí náà, ti bàbá rẹ kì í ṣe ọkọ̀ àjèjì tí a ó máa wá páàtì rẹ̀ káàkiri ayé. Ọkọ̀ tí ogún ọdún ó lé fi ń ti ilé iṣẹ́ kan náà jáde ni, tí àwọn ará wa lókè Ọya ṣì ń fi gbé ẹrù lọ sọ́jà dòní. Bí o bá rékọjá sí Kútọnu, wàá gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní báṣé, nítorí tapólì tí wọ́n máa ń fi bo ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí, wàá rí páàtì rẹ̀ rà níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Agodi Gate ni mo ti máa ń wá tèmi. Ní Èkó, Ladipo ni.

Ó yá, ẹ́ńjìnnì.

Èyí tó ń lo bẹntiróòlù, yálà 1.8 tàbí 2.0, irin ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, alúmíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù tó dé e lórí. Tí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá rí i pé kò dúró ṣánṣán, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fara ti ògiri. Písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, kì í fara kan búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀. Inú sílíìfù ló ń rìn, ìyẹn páìpù irin tó nípọn tí wọ́n ki bọ inú búlọ́ọ̀kù, tí omi rédíétọ̀ sì ń ṣàn yí i ká lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn tó bá jẹ nínú, ó di dandan kí a gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ti 504, a ó fa sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ, a ó sọ ọ́ nù, a ó ki mẹ́rin tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìnì àti ríìngì tirẹ̀. Inú páálí kan náà ni wọ́n máa ń tà á. Mo ti ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò rí.

Tirẹ ti gbóná gan-an lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ yẹn, alúmíníọ̀mù kì í sì í fara da irú iná bẹ́ẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù bá wọ́ díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fá a títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bó bá ti sán, tòkunbọ̀ mìíràn ni kí o rà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wẹ́ẹ̀dì pa ojú ibi tó sán mọ́ kó wá sọ fún ọ pé ó ti di tuntun.

Ibì kan wà tí owó máa ń gbà lọ nínú ẹ́ńjìnnì yìí, mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Sílíìfù wọ̀nyẹn kò ní ohun tó dì í mú lókè àfi tọ́ọ̀pù tí a fi bọ́ọ̀tì dè lé e. Nísàlẹ̀, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń dí omi kó má bọ́ sínú epo ẹ́ńjìnnì. Bí mẹkáníìkì bá ti ṣí tọ́ọ̀pù, tó wá fi sípánà yí kíráǹkì, ìyẹn irin ìsàlẹ̀ tó ń ti písítìnì, kó lè rí bí písítìnì ṣe ń lọ sókè sódò, písítìnì á gbé sílíìfù sókè díẹ̀, ohun tó ń dí omi nísàlẹ̀ á já. Ojú kò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á kó o padà, ẹ́ńjìnnì á dún, inú gbogbo yín á dùn, ní ọjọ́ kẹta wàá yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn epo, wàá sì bá a tó funfun bí ògì. Gbogbo rẹ̀ di títú lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti gba ẹ́ńjìnnì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n mọ iṣẹ́ Tóyótà dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn ò bá 504 gbé rí. Nítorí náà, kí àbúrò rẹ tó gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kó bi í léèrè: tí ẹ bá ṣí tọ́ọ̀pù, kí lẹ fi ń de sílíìfù mọ́lẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á na bọ́ọ̀tì àti wáṣà ńlá méjì sí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti wà nílẹ̀, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí písítìnì ti lẹ̀ mọ́ sílíìfù. Kí wọ́n má ṣe so bátìrì mọ́ ọn, kí wọ́n má sì ṣe fi mọ́tò mìíràn fà á láti fi ipá jí i. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n da dísùù sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ki í sí gíá kẹrin, kí ọmọkùnrin méjì máa tì í síwá tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Bó bá yí, owó kékeré ni o ń wò. Bí kò bá yí, sílíìfù tuntun ni, mo sì ti ní kí o máa retí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Epo tó ti wà nínú táǹkì láti 2008 ti di ohun tó dà bí ọ̀dà. Kí wọ́n sọ táǹkì náà kalẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, bí ó bá jò, kí ẹnikẹ́ni má gbé iná wẹ́ẹ̀dì sún mọ́ ọn láìjẹ́ pé wọ́n ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra. Táǹkì òfìfo tó ti gbé epo rí burú ju èyí tó kún lọ.

Nísinsìnyí, ara ọkọ̀, ibi tí owó rẹ ń lọ gan-an.

Òrùlé páànù yẹn ti bá ọ fi owó pamọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. 504 tó bá wà níta nínú òjò Oǹdó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, koríko á ti hù gba ilẹ̀ rẹ̀ jáde, mi ò sì ní kọ ìwé tó gùn báyìí sí ọ. Àmọ́ má tíì yọ̀. Ilẹ̀ pupa tó tutù máa ń mí sókè sábẹ́ ọkọ̀, ìgbẹ́ adìyẹ náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Ó ń gba omi mọ́ra bí kànìnkànìn, ibi tó bá jókòó sí, ibẹ̀ ló ń jẹ. Kí àbúrò rẹ kó àwọn adìyẹ náà kúrò lónìí, kó gbá gbogbo rẹ̀, kó sì gbé táyà rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù ilé.

Lẹ́yìn náà, kó mú tọ́ọ̀ṣì àti súkúrúdíráfà, kó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kó máa fi ẹnu súkúrúdíráfà gún irin, kì í ṣe kó máa fi ojú wò ó. Irin tó bá lera á dún kó. Èyí tó ti dógùn-ún tán á jẹ́ kí ó wọlé bí ìgbà tí a gún àkàrà. Ibi márùn-ún ló ká mi lára: ibi tí bátìrì jókòó sí, nítorí ásíìdì, orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọlé lókè, lápá méjèèjì, ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí rọ́bà ti máa ń di omi mú, ilẹ̀ ibi tí dẹ́rẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ sí, àti àwọn irin gígùn tó gba abẹ́ lọ sẹ́yìn, pàápàá níbi tí súpíríìngì ẹ̀yìn ti dì mọ́ ọn. Ilẹ̀ tó lu kò burú, páànù ni a ó gé. Bí ibi ṣọ́ọ̀kì tàbí irin gígùn bá ti jẹ, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ méjèèjì ló ti jẹ, sọ fún mi kí o tó ná kọ́bọ̀, nítorí mo lè ní kí o gé ìdérí àpótí kékeré yẹn, kí o fi gíláàsì dé e, kí o sì gbé e kọ́ sára ògiri ní Houston.

Àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà wa mọ ọwọ́. Ẹni tó bá rí wọn tí wọ́n ń fi òòlù àti irin kékeré kan dá fẹ́ńdà tó ká bí ewé padà sí bó ṣe wà, á ṣí fìlà fún wọn. Àmọ́ gáàsì kábáìdì ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì fi ń jó irin. Iná rẹ̀ gbòòrò, ó ń mú kí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ́, ibi tó bá sì ti wọ́, bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tó rọ̀ bí àmọ̀ tó sì máa ń le, ni wọn yóò fi tẹ́ ẹ. Wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ jó irin, kódà bó jẹ́ pé ìlú mìíràn ni. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàwọn yòókù. San án. Ọ̀dà náà, má jẹ́ kí wọ́n kùn ún nígbà ọyẹ́ nítorí eruku, má sì jẹ́ kí wọ́n kùn ún lójú òjò. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ọ̀dà sẹ́lúlóòsì máa ń yọ funfun lójú bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa á. Oṣù Kẹta dára. Ẹni tó bá ní ilé tí a fi ń yan ọ̀dà kò ní ka oṣù.

Mo mọ̀ pé ò ń retí kí n dé Abẹ́òkúta.

Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mi ò mọ ẹni tó ń tà á, ó lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo rò pé mo ti gbọ́n tán, mo ra píkọ́ọ̀pù 504 funfun kan lọ́wọ́ ẹnìkan ní Ìlọrin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo wà á dé Ìbàdàn, mo ń kọrin. Oṣù kẹrin, ọ̀dà tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí awọ tí iná ta bá. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, bọ́dì fílà ló ń já bọ́ ní ègé ègé, ó nípọn ju bísíkíìtì lọ. Lábẹ́ rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ìwé ìròyìn tí wọ́n rún pọ̀. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àbájáde bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, ó ṣeé kà ketekete. Kò sí irin níbẹ̀ mọ́. Owó tí mo fi rà á, mo ná an lẹ́ẹ̀kejì sí ara rẹ̀, mo sì tún fi lé e.

Kò pọn dandan kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ. Kí àbúrò rẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò, kó fi áńkáṣíìfù wé e kó má bàa ha ọ̀dà. Kó gbé e lé òrùlé ọkọ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́, níbi tí wọn kì í sábàá fi fílà sí, kó mọ bó ṣe ń fa irin gidi. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa gbé e kiri ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, fẹ́ńdà, etí ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti fà mọ́, ìwé ìròyìn lè wà níbẹ̀. Kó béèrè ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé kí wọ́n tó kùn ún. Sìmẹ́ńtì wúwo, ó ń tẹ súpíríìngì, ó sì ń mú kí irin gígùn sán. Ajílẹ̀ àti iyọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tó bá dà sílẹ̀ nínú wọn kò ní yé jẹ irin. Kòkó gbígbẹ ni ti bàbá rẹ gbé. Ẹrù ọlọ́lá nìyẹn lójú irin. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀, kí àbúrò rẹ kí i pé ó dàbọ̀.

O béèrè iye. Mi ò ní kọ náírà síbí, kì í ṣe pé mo ń fi pamọ́ fún ọ. Ní oṣù Karùn-ún 2023 mo kọ iye kan fún ẹnìkan tó wà ní London. Nígbà yẹn, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà lójú ìjọba. Nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2024 fi ń parí, ó ti ju 1,500 lọ. Owó tí mo kọ di ẹ̀fẹ̀. Páàtì tòkunbọ̀ ń tẹ̀lé dọ́là ní ọjọ́ kejì. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ohun tí màá fún ọ ni bí owó ṣe pín sí nínú ìwé ìnáwó mi, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nínú náírà mẹ́wàá tí mo ná sórí píkọ́ọ̀pù tó wà bíi ti bàbá rẹ, mẹ́rin àtààbọ̀ lọ sórí ara àti ọ̀dà. Méjì lọ sórí ẹ́ńjìnnì àti gíá. Ọ̀kan àtààbọ̀ jẹ́ ti búréèkì, ṣọ́ọ̀kì, súpíríìngì àti táyà. Ọ̀kan fún rìwáyà, rọ́bà, gíláàsì àti ìjókòó. Ọ̀kan tó kù, mi ò lè sọ ibi tó lọ fún ọ: bọ́ọ̀tì, ọkọ̀ tó wọ́ ọ, owó oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, páàtì tí a rà tí kò bá a mu. Bí o bá ti mọ iye tí pánẹ́ẹ̀lì bítà àti pẹ́ńtà jọ gbà lónìí, wàá lè fi ṣírò gbogbo yòókù. Lẹ́yìn náà, fi náírà mẹ́ta mìíràn sẹ́yìn lórí mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Oǹdó pé ó wà.

Nínú gbogbo ìyẹn, ohun tó kéré tó sì máa ń dá iṣẹ́ dúró jù ni rọ́bà. Rọ́bà gíláàsì iwájú tó ti le bí igi kò ṣeé lò padà, ayédèrú rẹ̀ sì ń jò láti ọjọ́ kìíní. Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí màá ní kí o rà láti Faransé, nítorí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ 504 wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń rí i rà. Búréèkì náà, tuntun ni, kò sí àríyànjiyàn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà, gíá àti ọ̀pọ̀ ohun iwájú wà lára 504 onílé tí wọ́n ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, odindi irú rẹ̀ tí a bá rà fún gígé máa ń dín owó kù ju kí a máa rà á ní ìkọ̀ọ̀kan lọ.

Bí o bá bá àwọn ará Texas sọ ọ́, wọ́n á sọ iye tí wọ́n ná lórí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ bíi Chevrolet C10 tàbí Ford F-100 fún ọ, ẹ̀rù á bà ọ́. Má fi wé e. Níbẹ̀, wákàtí òṣìṣẹ́ ló ń jẹ owó, páàtì rọrùn, wọ́n ń ṣe fẹ́ńdà tuntun fún wọn dòní. Níbí, ọwọ́ rọrùn, páàtì ló wọ́n. Ìyàtọ̀ mìíràn tó dun èèyàn ni pé wọ́n lè tà á kí wọ́n rí owó wọn. Ìwọ ò ní rí i. 504 tí o bá tún ṣe dáadáa, kò sí ẹni tí yóò san ìdajì iye tí o ná fún ọ. Bó bá ṣe pé ọkọ̀ tí yóò máa gbé ẹrù lo ń wá, bá mi fi méjèèjì sílẹ̀, ra Hilux.

Nítorí náà, ìdáhùn mi gan-an: ti bàbá rẹ yóò gba owó ju iye tí wọ́n ń pe ti Abẹ́òkúta lọ. Síbẹ̀, bí ibi ṣọ́ọ̀kì àti irin gígùn rẹ̀ bá lera, òun ni màá yàn, nítorí pé mo mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà, mo sì mọ ohun tó gbé. Ti Abẹ́òkúta, iye tí wọ́n pè é kì í ṣe iye rẹ̀ àfi tí mágínẹ́ẹ̀tì bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí o ò béèrè. Ta ló ni ọkọ̀ náà? Bàbá ti lọ, orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé. Bí o bá dá nìkan tún un ṣe tó wá ń dán lójú títì, ọmọ bàbá kan tí kò bèèrè adìyẹ inú rẹ̀ rí á rántí pé dúkìá ẹbí ni. Mo ti rí i tí wọ́n fi irú rẹ̀ dé kóòtù. Pe ìpàdé, kódà lórí WhatsApp, kí gbogbo yín fọwọ́ sí ìwé pé ìwọ ni wọ́n fún, kí ìyá yín àti olórí ẹbí jẹ́rìí sí i. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, lọ́yà yóò bá yín gba ìwé ìṣàkóso dúkìá ní kóòtù gíga, òun ni wọn yóò béèrè nígbà tí o bá fẹ́ yí ìwé ọkọ̀ sí orúkọ rẹ. Èyí ṣíwájú dísùù, ó ṣíwájú mágínẹ́ẹ̀tì.

Fífi owó ránṣẹ́: má fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Jẹ́ kó wà ní dọ́là lọ́wọ́ rẹ, kí o máa ṣẹ́ ẹ ní ìpele ìpele. Ọkọ̀ tí a tú palẹ̀ tí owó wá tán ló kún ọgbà mẹkáníìkì káàkiri. Àwọn tó ń ra àlòkù irin mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Kí ẹnikẹ́ni má tú nǹkan kan títí owó ara àti ọ̀dà yóò fi pé lọ́wọ́ rẹ. Páàtì, kí àbúrò rẹ fúnra rẹ̀ lọ rà á, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Fún iṣẹ́ gbogbo, bí kò bá sí ìdíwọ́, oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní oṣù méjì ń bò ọ́ lójú ni.

Amẹ́ríkà náà ṣeé ṣe. Ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 25, òfin ààbò ọkọ̀ wọn kò dí i lọ́wọ́ mọ́, ti 1984 ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ta 504 onílé níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọn ò ta píkọ́ọ̀pù rẹ̀, nítorí náà àwọn èèyàn á máa dá ọ dúró lójú títì láti béèrè ohun tí o gùn. Owó ibodè ni kí o ṣọ́ra fún. Láti 1964 ni wọ́n ti ń gba ìdá 25 nínú 100 lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó bá wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjà tí wọ́n bá Yúróòpù jà lórí adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, adìyẹ. Ó jọ pé adìyẹ kò fẹ́ fi ọkọ̀ bàbá rẹ sílẹ̀. Kí wọ́n sì fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí wọn kì í fẹ́ kí ilẹ̀ pupa wọ̀lú wọn.

Ní báyìí, fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ náà ni mo ń retí, ibi márùn-ún tí mo kà, pẹ̀lú súkúrúdíráfà níbi tó bá ti wọlé. Ẹ fi dísùù sínú ihò púlọ́ọ̀gì lọ́sẹ̀ yìí. Ìdérí àpótí kékeré yẹn, kí àbúrò rẹ tú bọ́ọ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí pẹ́ńtà tó fojú kàn án, kó fi aṣọ gbígbẹ wé e, kó gbé e wọ yàrá ìyá yín. Ọwọ́ àwọn ọmọ pẹ́ńtà kì í kúrò lára sáńpépà, kò sì sẹ́ni tó lè tún iye àpò kòkó bàbá kọ fún ọ.